Bí mo ṣe pa ariwo sàlẹ́ńsà Golf mi láì dín agbára tọ́bò rẹ̀ kù

Aago márùn-ún ìdájí ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo máa ń kúrò nílé lọ́jọ́ iṣẹ́. Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Básírì ní Adó-Èkìtì ni mo ń gbé, ibi tí mo ń gbé ọkọ̀ sí kò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ sí fèrèsé Màmá tó ń gbé ilé kejì. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi ń yí kọ́kọ́rọ́ tí ọkọ̀ á bú gbùùù, tí àwọn ajá àdúgbò á dá a lóhùn, tí èmi á sì wa ọkọ̀ mi lọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Màmá kò bá mi jà. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni wọ́n dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pè mí sí ìdí ògiri, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Dókítà ní kí n máa sùn dáadáa. Jọ̀wọ́, bá mi bá ọkọ̀ yẹn sọ̀rọ̀." Mo dọ̀bálẹ̀. Ká ní wọ́n pariwo mọ́ mi ni, bóyá ǹ bá ti jiyàn. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Sátidé mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ náà gbà mí. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, títí kan èyí tí mo ṣe tì, torí mo mọ̀ pé àwọn tó ní irú ọkọ̀ yìí kò kéré ní Èkìtì, ohun tí wọ́n sì máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n yan ọ̀kan: ariwo tàbí agbára.

Sátidé kìíní

Volkswagen Golf 4 ni ọkọ̀ náà, 1.8T, tòkunbọ̀, oníjíà ọlọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1781 cc, sìlíńdà 4, fáàfù 5 lórí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ 20 lápapọ̀. Agbára ẹṣin 150 ni ilé iṣẹ́ gbé e jáde pẹ̀lú, tọ́bò kékeré tí wọ́n ń pè ní K03, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí mo rà á, ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé ohùn rẹ̀ ki, ó sì wù mí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí mo fi jáàkì gbé e sókè lọ́jọ́ yìí ni mo tó wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹnì kan ti gé kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, kúrò. Ó ti gé ikùn sàlẹ́ńsà àárín náà dànù. Páìpù gbọọrọ kan ló fi jó ibẹ̀ pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àpótí ẹ̀yìn nìkan ló ṣẹ́kù, nígbà tí mo sì fi igi kàn án, mo gbọ́ bí irin tó ti já nínú rẹ̀ ṣe ń mì wọ́ọ́-wọ́ọ́.

Ọ̀rọ̀ kátálíìsì yìí dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó kọjá. Gígé rẹ̀ ti di òwò láàárín wa, torí platinum, palladium àti rhodium wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń rà á sì mọ iye tí wọ́n ń rà. Òótọ́ ni pé kátálíìsì a máa dí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún yín pé tiyín ti dí, ẹ ní kí wọ́n tú u fún yín kí ẹ gbé e sójú oòrùn. Inú rẹ̀ dà bí afárá oyin. Bí ẹ bá ń rí ìmọ́lẹ̀ láti òdìkejì, kò tíì dí. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ gbà kí wọ́n gé e, ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ gbé e lọ sílé.

Sátidé kejì

Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún sàlẹ́ńsà ṣe lẹ́bàá títì. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo sọ fún un, pé kó ṣáà ti dákẹ́. Ohun tí mo béèrè náà ló fún mi. Ó fi àpótí méjì jó o, àwọn àpótí ọkọ̀ mìíràn tí kò ní tọ́bò, páìpù tó so wọ́n pọ̀ kò sì ju ínṣì 1¾ lọ. Kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ó ti parí. Ọkọ̀ dákẹ́ bí ẹni tí a fọwọ́ bo lẹ́nu. Inú mi dùn títí mo fi délé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìnáwó ẹbí kan gbé mi lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Àwọn òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n ká kì í ṣe ti ọkọ̀ tó ń ṣàárẹ̀. Jíà kẹrin ni mo máa ń fi gun ibẹ̀ láti ìhà Ìtawúrẹ́, tọ́bò á gbà á lábẹ́ mi, yóò sì máa fà bí ẹni pé ilẹ̀ tẹ́jú. Lọ́jọ́ yìí, mo tẹ iná, kò dáhùn. Mo já a sí jíà kẹta, ó ń ráhùn. Tọ́bò dé, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé, nígbà tó sì dé náà, ó dà bí ẹni tó ń mí láti inú aṣọ. Mo dé òde ìnáwó, iyán wà níwájú mi, ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ páìpù ni mo ń rò.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kan nínú tọ́bò. Abẹ̀bẹ̀ kejì wà lórí ọ̀pá kan náà, òun ló ń fún afẹ́fẹ́ tútù wọ ẹ́ńjìnnì. Ohun tó ń yí abẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín bí èéfín ṣe ń tì níwájú rẹ̀ àti bí ó ṣe ń tì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ da omi sínú àrọ, kí ẹ sì fi ìka dí ìdí rẹ̀ díẹ̀: omi ṣì ń kán, ṣùgbọ́n ó ń kún lókè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni páìpù tóóró ṣe ń ṣe fún tọ́bò. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì fẹ́ kí èéfín ti òun padà díẹ̀. Lẹ́yìn tọ́bò, ọ̀rọ̀ yẹn kò wúlò fún wa rárá. Bí ọ̀nà ibẹ̀ bá ṣe là tó ni tọ́bò ṣe ń yára dìde.

Níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ariwo àti èéfín ń gba inú páìpù kan náà jáde, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni wọ́n. Èéfín gbọ́dọ̀ jáde kíá. Ariwo lè ṣẹ́kù sínú. Àpótí tí wọ́n fi jó ọkọ̀ mi ní yàrá-yàrá nínú, èéfín á lu ògiri, á yí, á tún lu òmíràn kó tó jáde, bó ṣe ń dá ariwo dúró náà ló ń dá èéfín dúró. Irú kejì wà tí páìpù àárín rẹ̀ tọ́ gbọọrọ láti ẹnu dé ìdí, tí ara páìpù náà lu wínníwínní bí asẹ́, tí òwú tí iná kì í jó sì yí i ká nínú àpótí. Èéfín ń lọ tààrà. Ìgbì ohùn ń gba ihò wọnú òwú, ibẹ̀ ló ti ń rẹ̀ ẹ́, ó ń di ooru. Irú yìí ni mo fẹ́.

Sátidé kẹta

Kí n tó tún ná owó, mo fẹ́ mọ ohun tí mo ń wọ̀n. Mo tú àpótí méjèèjì kúrò, mo dá páìpù gbọọrọ àtijọ́ padà.

Fún ariwo, fóònù mi ni mo lò. Maikirofóònù fóònù kì í ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n tòótọ́, nítorí náà ìyàtọ̀ láàárín ìwọ̀n kan àti òmíràn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, n kò gbẹ́kẹ̀ lé iye náà fúnra rẹ̀. Ibì kan náà ni mo gbé e sí ní gbogbo ìgbà: ìdajì mítà sí ẹnu sàlẹ́ńsà, ní ẹ̀gbẹ́, kò sí ní ọ̀kánkán èéfín, ẹ́ńjìnnì ti gbóná, abẹ́rẹ́ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan wà lórí 3,000. Páìpù gbọọrọ ka 99 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìwọ̀n ariwo. Àpótí méjì ti ka 85. Bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì bá fi 10 dín, etí ènìyàn máa ń gbọ́ ọ bíi pé ó ti dín sí ìdajì, ẹ rí i pé ìyàtọ̀ ńlá ni.

Fún ìtìpadà èéfín, mo ní kí ọ̀gá wẹ́dà jó nọ́ọ̀tì M18 kan mọ́ páìpù lábẹ́ tọ́bò, irú ihò tí wọ́n ń ki sẹ́ńsọ̀ bọ̀. Mo ra páìpù bàbà mítà kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe, mo so ó mọ́ ibẹ̀ kí ooru lè dín kù kó tó dé ọ̀dọ̀ rọ́bà, rọ́bà sì gbé e wọ inú ọkọ̀ lọ sára géèjì kan tó ń ka 0 dé 15 psi, ìwọ̀n bí èéfín ṣe ń tì tó. Jíà kẹta, mo tẹ iná dé ilẹ̀, ìyípo 5,500: páìpù gbọọrọ ka 0.8 psi. Àwọn àpótí méjì tí mo tún so pa dà fún ìwọ̀n yìí nìkan ka 6.5. Mo wò ó títí. Òkè Ẹ̀fọ̀n nìyẹn lójú géèjì.

Mo fi aago wọ̀n ọ́n pẹ̀lú, láti kìlómítà 60 dé 100 ní wákàtí kan, ní jíà kẹrin, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nígbà tí ọ̀nà ṣófo, ẹnì kejì mi ló di aago mú. Páìpù gbọọrọ: ìṣẹ́jú àáyá 8.1. Àpótí méjì: 9.9. Ohun tí mo wá ń wá ni ariwo àpótí méjì pẹ̀lú eré páìpù gbọọrọ, kí géèjì má sì kọjá 2 psi.

Sátidé kẹrin: jíjò

Iṣẹ́ ọjọ́ yìí kò ná mi lówó púpọ̀, ó sì wà lára èyí tó ṣe mí láǹfààní jù. Ariwo tó ń jò láti òkè, kò sí àpótí ẹ̀yìn tó lè pa á.

Ẹ́ńjìnnì tutù, ìdájí ni. Mo ní kí àbúrò mi fi aṣọ tútù nípọn di ẹnu sàlẹ́ńsà mú bí mo ṣe dáná sí ọkọ̀, èmi sì ń fọ́n omi ọṣẹ sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Ibi tó bá jò, ọṣẹ á hó. Ó hó ní ibi méjì. Àkọ́kọ́ ni gáásìkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó ń dí ojú ìsopọ̀ kó má baà jò, tó wà láàárín tọ́bò àti páìpù tó sọ̀ kalẹ̀ láti ara rẹ̀. Ìlà èédú dúdú ti wà níbẹ̀, mo ti ń rí i tẹ́lẹ̀ n kò mọ ohun tó ń sọ fún mi. Ìkejì ni fẹ́lẹ́síbù, páìpù kúkúrú tó lè tẹ̀, okùn irin rẹ̀ ti já ní abẹ́.

Títú bóòtù tọ́bò kì í ṣe ohun à ń fi agbára ṣe. Mo fi òróró rin wọ́n láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Síbẹ̀, ọ̀kan já. Ọ̀gá wẹ́dà gbé nọ́ọ̀tì lé orí kùkùté rẹ̀, ó jó nọ́ọ̀tì náà mọ́ ọn láti inú, ó jẹ́ kó tutù díẹ̀, ó fi sípánà yí i, ó jáde wẹ́rẹ́. Ooru tó wọ ara kùkùté náà ló tú u. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń fi dírílì wá irú bóòtù bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ba ihò jẹ́.

Gáásìkẹ́ẹ̀tì tuntun, fẹ́lẹ́síbù tuntun. 99 di 96. Ohun tí géèjì kò lè kà ni pé ṣìì-ṣìì kan tó ti wà nínú ohùn ọkọ̀ yẹn látìgbà tí mo ti rà á ti lọ.

Sátidé karùn-ún àti ìkẹfà: páìpù

Ínṣì 2½ ni mo yàn, láti ìdí fẹ́lẹ́síbù dé ẹnu. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé ínṣì 3. Fún agbára ẹṣin 150, kò pọndandan, bí páìpù bá sì ṣe tóbi sí i ni ó ṣe ń ṣòro láti pa ohùn rẹ̀, yóò tún máa fi ikùn gbá bọ́m̀pù. Bí ẹ bá ṣírò ẹnu méjèèjì, ínṣì 2½ fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ínṣì 1¾. Ìyẹn tó.

Ọ̀gá wẹ́dà kọ́kọ́ gbé páìpù omi wá, ti onísíǹkì tó ń dán. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dá a padà. Bí iná bá kan síǹkì yẹn, èéfín funfun tó ń yọ lára rẹ̀ máa ń mú ibà àti òtútù bá ẹni tó bá fà á símú lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní òun ti ṣe irú ibà bẹ́ẹ̀ rí, tí òun rò pé ibà ẹ̀fọn ni. Páìpù dúdú lásán la lò, a ó kùn ún níkẹyìn ní ọ̀dà tó ń gba iná.

Títẹ̀ ẹ́ ló fa wàhálà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ páìpù ládùúgbò wa máa ń rún ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ibi tó bá rún á sì tún fún bí ọrùn. Ọ̀gá mọ ọgbọ́n àtijọ́ kan: ó yan yanrìn gbẹ nínú agbada títí omi kankan kò fi kù nínú rẹ̀, ó ki í sínú páìpù kíkankíkan, ó fi igi dí ojú méjèèjì, ó wá fi iná gáàsì mú ibi tí a fẹ́ tẹ̀ pupa. Páìpù tẹ̀, ikùn rẹ̀ kò wọlé. Kí yanrìn gbẹ ni kókó ibẹ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, oru rẹ̀ lè fọ́n igi náà jáde bí ìbọn.

Kí ó tó jó ohunkóhun mọ́ ara ọkọ̀, mo yọ orí bátìrì méjèèjì, a sì di wáyà ilẹ̀ wẹ́dà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó ń jó gan-an. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ràn iná wẹ́dà. A tún fi irin pẹlẹbẹ bo páìpù epo.

Kátálíìsì tuntun dé láti Ládípò ní Èkó, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ní gáréèjì. Òun nìkan gbà ju ìdajì owó iṣẹ́ yìí lọ, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Onírin ni inú rẹ̀, ihò 200 lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan. Àwọn tó máa ń bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ 400, alámọ̀. Ihò rẹ̀ fẹ̀, èéfín ń kọjá. Ó mú ohùn híhan tó wà lókè kúrò, tó dà bí ìgbà tí a ń ya agolo. Òórùn epo tó máa ń wọ ilé Màmá lọ pẹ̀lú ariwo náà tún kúrò. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí n ti rò tẹ́lẹ̀.

Sátidé keje: ikùn sàlẹ́ńsà tí a fọwọ́ ṣe

Èyí ni mo gbádùn jù nínú gbogbo rẹ̀.

Àpótí ẹ̀yìn, tòkunbọ̀ ni mo rà, ó tọ́ gbọọrọ nínú, ó sì tóbi. Ṣùgbọ́n èyí tí yóò wà láàárín, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45, mi ò rí ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní ká ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ gbé dírílì. Mo gbé ìwé, mo ṣírò: kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ara páìpù náà lè jẹ́ ihò, bí ihò kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mìlímítà 4, ihò tó lé ní 2,100 ni a máa lu. Ó gbé dírílì sílẹ̀.

Ìyá kan tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ní òdìkejì títì ló yanjú rẹ̀ láì mọ̀. Ẹ̀rọ wọn ń lọ bí mo ṣe jókòó, mo sì rántí pé irin oníhò kan wà ní ìdí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, asẹ́ tí ìyẹ̀fun ń gbà jáde. Asẹ́ yẹn nípọn, ihò rẹ̀ dọ́gba, a sì ṣe é fún ìyà. Mo lọ bá àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà, mo ra asẹ́ tuntun kan tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4. Ọ̀gá wẹ́dà ká a mọ́ ara páìpù, ó jó ojú rẹ̀ pọ̀, ó di páìpù oníhò.

Ìṣù òwú irin sítéńlẹ́ẹ̀sì ni mo kọ́kọ́ yí i ká, torí òun ló ń dáàbò bo òwú tó kù kí èéfín má baà máa fà á tu díẹ̀díẹ̀. Ẹ má lo òwú irin lásán tí a fi ń fọ ìkòkò. Yóò dógùn-ún, yóò sì jó tán. Lé e lórí ni mo fi òwú gíláàsì tó ń gba iná, mo kì í kó le ṣùgbọ́n kó má dì bí òkúta, torí ohùn gbọ́dọ̀ ráyè wọ inú rẹ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo bo imú. Òwú yẹn a máa họni lára fún ọjọ́ méjì. Páìpù ínṣì 5 ló di àwọ̀ ìta.

A gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ sórí rọ́bà tuntun. Mo rí i dájú pé kò síbi tí irin ti kan ara ọkọ̀, nítorí ibi tó bá kàn, gbogbo ọkọ̀ ni yóò máa gbọ̀n.

Ìta: 84. Géèjì: 1.5 psi. Mo pariwo ayọ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù gbà á.

Sátidé kẹjọ: hùùùn

Ayọ̀ náà dé ojú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, ó dúró. Níta, ọkọ̀ dákẹ́. Nínú, bí abẹ́rẹ́ bá ti wà láàárín 2,600 sí 2,800, ohùn kan á gba inú rẹ̀ kan, hùùùùn, bí oyin tó wà nínú agbárí ẹni. Ìyípo yẹn gan-an sì ni mo fi ń rin ìrìn Àkúrẹ́. Ẹ̀yìn ìrìn àjò kan, orí fọ́ mi.

Òwú kì í mú irú ohùn yìí. Ohùn híhan, ìgbì rẹ̀ kúrú, òwú á gbé e mì. Ohùn tó wà nísàlẹ̀, ìgbì rẹ̀ gùn ju ọkọ̀ lọ, ó ń gba ara òwú kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 4 máa ń yìn lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan. Ìyípo 2,700 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ fi 60 pín in: ìyìn 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn ń sáré ju ti afẹ́fẹ́ lásán lọ nínú èéfín gbígbóná. Ní ooru 250°C, ó tó mítà 458 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 458, ẹ fi 90 pín in, ìgbì kan gùn tó mítà 5 ó lé díẹ̀. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ mítà 1.27.

Ìdá mẹ́rin yẹn ló máa pa á. Ẹ so páìpù kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù ńlá, kí ìdí rẹ̀ dí pátápátá, kó gùn tó ìdá mẹ́rin ìgbì. Èéfín kì í gba ibẹ̀ kọjá, torí náà kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ohùn ni yóò wọlé. Yóò lọ dé ìdí, yóò lu ibẹ̀, yóò padà. Nígbà tó bá fi máa jáde, ó ti pẹ́ ní ìdajì ìgbì. Ní Èkìtì, gbogbo wa la ti rí i kí ènìyàn méjì máa gún iyán nínú odó kan: bí ọmọ odó tọ̀hún ṣe ń lọ sókè ni tèyí ń bọ̀ nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì méjèèjì yìí ṣe pàdé. Ọ̀kan ń tì, èkejì ń fà, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wọn dúró jẹ́ẹ́.

Mo mọ̀ pé inú páìpù tó dí náà yóò tutù ju inú páìpù ńlá lọ, torí èéfín kì í ṣàn níbẹ̀, ohùn yóò sì lọ́ra díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé mítà 1.27 yóò gùn jù. A ṣe é lónípele méjì, ọ̀kan wọnú èkejì, a fi kílípù dì í, kí n lè máa fà á kí n sì máa tì í. Láàárín Adó àti Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń dán an wò, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta-mẹ́ta. Mo ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń sùn sábẹ́ ọkọ̀, mo ń dìde. Òkè Olósùnta ń wò mí láti òkèèrè. 1.27, ó ṣì ń kùn. 1.24, ó sún lọ sí ìyípo mìíràn. 1.21, ó di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ní 1.18, mo gbé abẹ́rẹ́ sí 2,700, mo dì í mú síbẹ̀, ohun tí mo gbọ́ ni táyà lórí ọ̀dà.

Mo dúró, mo pa rédíò tí n kò tilẹ̀ tàn, torí mo rò pé ó yẹ kí n rí ohun kan pa.

Fóònù nínú ọkọ̀: 78 di 71 lórí ìyípo yẹn. Ọ̀gá jó o pa sórí 1.18. Ó tẹ̀ ẹ́ bí ìwọ̀ kó lè gba abẹ́ ọkọ̀, ó jìnnà sí táńkì epo, ìdí tó dí ló sì wà lókè díẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹ má gbàgbé èyí. Omi máa ń wà nínú èéfín, bí ìdí bá wà nísàlẹ̀, omi yóò gbé ibẹ̀, yóò sì jẹ ẹ́ ní ìdógùn-ún.

Sátidé kẹsàn-án

Ọ̀dà tó ń gba iná, lẹ́ẹ̀mejì. Mo wọ̀n gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìta 83. Géèjì 1.6 psi. Láti 60 dé 100 ní jíà kẹrin, 8.2. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni mo pàdánù sí páìpù gbọọrọ, bóyá ẹsẹ̀ mi ló sì fà á. Mo gbé e lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Jíà kẹrin. Mo tẹ iná ní ìsàlẹ̀ òkè, tọ́bò dìde, ohùn fèrè kékeré kan báyìí láti iwájú ni mo gbọ́, tí n kò gbọ́ rí nítorí ariwo ẹ̀yìn. Tọ́bò fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó gùn ún.

Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni pé kí n máa fi ọwọ́ kan ikùn àárín yẹn lóṣooṣù. Bí òwú bá bẹ̀rẹ̀ sí jó tán, àwọ̀ ìta rẹ̀ yóò máa gbóná ju tẹ́lẹ̀ lọ, ohùn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí ki. Ẹnu rẹ̀ kan ni a fi bóòtù dì, kí n lè tú u kí n tún un kì.

Lọ́jọ́ Ajé, mo jáde ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́, mo kí Màmá ní ìdí ògiri, mo béèrè bóyá wọ́n sùn. Wọ́n ní àwọn sùn, Ọlọ́run á bù kún mi, àwọn kò gbọ́ ọkọ̀ rárá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó wá ku géètì yín, ọmọ mi. Ó ń ké."

Mo gbé agolo òróró ẹ́ńjìnnì àti fìtílà. Àwọn híńjì rẹ̀ mẹ́ta ni, ti ìsàlẹ̀ ló gbẹ jù. Mo rin wọ́n, mo ṣí géètì, mo tì í, mo tún ṣí i, títí ó fi dákẹ́.